Abo Ẹṣin Tó Mọ Ìkíni Jù

Kí ẹ tó bi mí pé kí ni obìnrin tó ń ta oúnjẹ adìyẹ ní Jojú fẹ́ fi ẹṣin ìje ṣe, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ fún yín pé ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́kọ́ bèèrè. Àwọn oníbàárà mi ti bèèrè. Pásítọ̀ wa bèèrè, ó tún ní ká gbàdúrà sí i. Awakọ̀ tó ń kó àgbàdo wá fún mi láti Ṣakí bèèrè, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èsì kan náà ni mo fún gbogbo wọn: ó wù mí ni. Bí ọkùnrin bá ra mọ́tò tí kò ní ẹ́ńjìnnì, tó gbé e síwájú ilé kí adìyẹ máa yé ẹyin sínú rẹ̀, "ó wù ú" náà ni gbogbo ayé ń wí. Kò sẹ́ni tó ń pe ẹbí jọ nítorí ìyẹn.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ọkùnrin kan máa ń wá ra èèrí àlìkámà ní ṣọ́ọ̀bù mi, àpò lórí àpò. Èmi rò pé ẹlẹ́dẹ̀ ló ń sìn, mo sì bi í lọ́jọ́ kan pé irú ẹlẹ́dẹ̀ wo ló ní tí wọ́n ń jẹun báyìí bí ẹgbẹ́ akọrin.

"Ẹlẹ́dẹ̀ kẹ̀?" Ojú rẹ̀ le. "Ìyá Onífíìdì, ṣé mo jọ ẹni tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀? Ẹṣin ni!"

Ẹṣin ìje pọ́ńbélé, irú èyí tí wọ́n ń pè ní tọ́róbúrẹ́ẹ̀dì, ló ń bá olówó kan tọ́jú. Mo bẹ̀ ẹ́, mo fi ènì sí èèrí rẹ̀ kí inú rẹ̀ lè rọ̀. Ibi tí a ti ń sọ ọ̀rọ̀ náà lọ ló ti sọ fún mi pé ọ̀kan nínú àwọn ẹṣin náà bímọ lọ́dún tó kọjá, abo ló bí, ọ̀gá òun sì ń wá ẹni tí yóò mú un kúrò ńlẹ̀.

"Kí ló ṣe é?" mo bèèrè.

"Kò sí ohun tó ṣe é. Abo ni."

"Mo ti gbọ́ pé abo ni. Mo ní kí ló ṣe é?"

Ó wò mí bí ẹni tí etí rẹ̀ dí. "Ìyá, ohun tí mo ń sọ náà nìyẹn. Abo ni."

Mo lọ wò ó. Ẹ̀yìn ilé ẹṣin ló dúró sí, oòrùn ń pa á; àwọn akọ wà lábẹ́ òrùlé, wọ́n ń jẹ èèrí tí mo fi ènì sí. Ara rẹ̀ pọ́n bí obì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ó sì tín-ín-rín, bí ẹni pé ó yá wọn lọ́wọ́ ẹlòmíràn tí kò sì tíì mọ bí wọ́n ṣe ń lò wọ́n. Mo na ọwọ́ sí i. Ó gbóòórùn ọwọ́ náà, kò bá nǹkan kan níbẹ̀, ló bá fi eyín fa gèlè kúrò lórí mi, ó gbé e sá lọ. Èmi àgbàlagbà, irun mi níta, mò ń lé ẹṣin kiri ọgbà olówó. Nígbà tí mo máa fi gba gèlè mi padà, mo ti mọ̀ pé mi ò ní í fi ẹranko náà sílẹ̀ níbẹ̀.

Owó rẹ̀ kò tó owó ọkadà àlòkù. Nígbà tí a ń gbé e sínú ọkọ̀ àgbàdo, ọkùnrin náà tún kìlọ̀ fún mi: "Ìyá, ẹ má padà wá bá mi jà o. Mo ti sọ fún yín pé abo ni."

"Bí èmi náà," mo dá a lóhùn. "Bá mi tì í sókè."

Ilẹ̀ bàbá mi wà lójú ọ̀nà Ìgbẹsà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ̀gẹ́ ni gbogbo ibẹ̀. Nísinsìnyí, ilé iṣẹ́ ń yọ láàárín ẹ̀gẹ́ bí olú lẹ́yìn òjò: ògiri gíga, géètì onírin, tírélà tó rì sínú ẹrẹ̀ tí awakọ̀ rẹ̀ ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bẹ ìyàwó. Bàbá mi ti di olóògbé, èmi nìkan ló sì bí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Àgbà, ni olórí ẹbí wa. Ó ti pẹ́ tí ó ti ta ìpín tirẹ̀ fún àwọn onílé-iṣẹ́, ojú rẹ̀ sì ti wà lára ìpín bàbá mi, ó fẹ́ fi háyà fún àwọn tó ń wá ibi tí tírélà wọn yóò máa sùn. Ilẹ̀ tó ṣófo ló ń pè é. Mo fi pákó ṣe ọgbà yí i ká, mo fi páànù kọ́ ilé kan sí àárín rẹ̀, mo mú ẹṣin mi lọ síbẹ̀. Ilẹ̀ ò ṣófo mọ́.

Kò pẹ́ tó fi ránṣẹ́ pè mí wá sí ilé rẹ̀ ní Sàngó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ fún yín nípa Bàbá Àgbà. Wọ́n ní òwe lẹṣin ọ̀rọ̀. Gbogbo ẹṣin tí Bàbá Àgbà ń gùn, akọ ni. Bí kò bá rí òwe tó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu, á ṣẹ̀dá ọ̀kan níṣojú yín, á sì gbé e lé àwọn baba ńlá wa lórí, àwọn tí kò sí níbẹ̀ láti jiyàn.

Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó jẹ́ kí n pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀.

"Mo gbọ́ pé o so ẹran mọ́ ilẹ̀ ẹbí."

"Ẹṣin ni, Bàbá. Ilẹ̀ bàbá mi sì ni."

"Akọ ni àbí abo?"

"Abo ni."

Ó mi orí bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ òkú fún. "Bàbá tó bí mi gun ẹṣin wọ ìlú Ọ̀tà. Bàbá tó bí òun náà gùn ún. Akọ ni wọ́n gùn." Ó gbójú sókè wo àjà fún ìgbà díẹ̀. "Àwọn àgbà ní, ẹni tó bá gun abo ẹṣin wọ̀lú, ẹ̀yìnkùlé ni wọn yóò ní kó gbà."

"Bàbá, àwọn àgbà wo ló sọ ọ́?"

"Àwọn àgbà!"

"Mo kàn bèèrè ni, torí mo rí i tí ẹ ń wá a lórí àjà."

Ìyàwó rẹ̀ tó ń bó ẹ̀gúsí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tẹ orí ba, èjìká rẹ̀ ń mì. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ṣì wà tí mo fi sọ ọ́ o. Ẹ má sọ pé mi ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé.

Inú bí i, ó gbé ìdájọ́ kalẹ̀. Ó ní ṣebí ẹṣin ìje ni mo pè é? Kó lọ sá eré ìje. Bí kò bá gba ipò kìíní láàárín àwọn akọ kí ọdún méjì tó yí po, kí n mú un kúrò lórí ilẹ̀, kí ilẹ̀ sì padà sọ́wọ́ ẹbí. Ẹbí, lẹ́nu Bàbá Àgbà, òun fúnra rẹ̀ ni.

Mo wá ń wá ẹni tó lè gun ẹṣin. Mi ò wá a jìnnà. Ọlọ́kadà tó máa ń gbé mi láti ìdúró ọkọ̀ lọ sí ilẹ̀ náà jẹ́ ọmọ Ìlọrin, ọkùnrin tó ti níyàwó tó ti bímọ, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò ju àpò èèrí kan lọ. Ẹnu rẹ̀ ló tó àpò mẹ́wàá. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí ẹṣin náà, ó pa ọkadà, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì dákẹ́, ohun tí mi ò rí i kó ṣe rí.

"Mọ́mì," ó wí nígbà tí ohùn rẹ̀ padà, "orí ẹṣin ni wọ́n bí mi sí."

"Ìrù ẹṣin ló gbẹ̀bí ẹ nìyẹn."

"Ẹ máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ ó rí i."

A ò kánjú, torí eegun ẹṣin náà kò tíì gbó. Koríko ló ń jẹ lójúmọ́, pẹ̀lú àgbàdo tí mo lọ̀ tí kò kúnná àti èèrí tí mo pò pẹ̀lú omi iyọ̀ díẹ̀. Nígbà tí àkókò tó láti gbé nǹkan lé e lẹ́yìn, àpò fíìdì ni a fi kọ́ ọ. A gbé àpò òfìfo lé e, ó gbọ̀n ọ́n dànù. A tún gbé e lé e, ó tún gbọ̀n ọ́n dànù, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó lè dá a lójú. Nígbà tó wá gbà, a bu èèrí díẹ̀ sínú rẹ̀, a fi kún un, títí ó fi lè gbé àpò kíkún rìn láìwẹ̀yìn. Ìgbà tí ọlọ́kadà mi máa fi di í ní gàárì tó sì gùn ún, mo rò pé ohun tí ẹṣin náà rò ni pé irú fíìdì mìíràn ló dé, èyí tó ń sọ̀rọ̀.

Ariwo kì í bà á lẹ́rù. Tírélà ń fun fèrè lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ilé iṣẹ́ ń bú, òun ń jẹ koríko. Láràárọ̀ ni a máa ń mú un rìn lójú ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ tó gba iwájú ilẹ̀ wa kọjá, ọlọ́kadà mi lórí rẹ̀, èmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ìrìn yìí gan-an ni mo fi bà á jẹ́.

Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe rí níbí. Ẹni tó bá gba iwájú èèyàn kọjá láàárọ̀ tí kò kí i, kó yáa lọ wá ìlú mìíràn. Láti iwájú géètì ilé iṣẹ́ la ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn sìkiọ́rítì á na ọwọ́ sókè: "Ẹ ǹ lẹ́ o!" A dúró. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú àìsùn." Ọ̀kan nínú wọn á fún ẹṣin ní èèpo búrẹ́dì. Ó kan àwọn ìyá tó ń yan gàrí: "Ẹ ǹ lẹ́ o, Ìyá Onífíìdì!" A dúró. "Ẹ kú iná o, ẹ kú èéfín." Wọ́n á bèèrè ẹ̀jẹ̀ ríru mi, èmi á bèèrè ọmọ wọn tó ń kọ́ṣẹ́ ní Agége, wọ́n á gé ìrèké fún ẹṣin. Ó kan bàbá tó ń lẹ táyà. Bàbá yẹn ní tirẹ̀ kì í kí èèyàn ní kúkúrú. Á kí ọ, á kí ilé, á kí àwọn tó ti kú nínú ilé, ẹṣin á sì ti jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì kó tó parí.

Inú mi ń dùn. Bí ẹṣin náà bá ti gbọ́ "ẹ ǹ lẹ́ o", tàbí tó rí ọwọ́ tó ga sókè, á dúró fúnra rẹ̀, á yí ọrùn sí ẹni náà, á máa retí. Àwọn èèyàn ní ó lẹ́kọ̀ọ́ ju ọmọ tí àwọn ń san owó ilé-ìwé fún. Mo ń fi í yangàn káàkiri. Èmi tí mo kàwé, mo ra ẹṣin ìje, mo sì fi odidi ọdún kan kọ́ ọ ní ìdúró.

Ìje tí a kọ́kọ́ lọ, pápá kan lójú ọ̀nà Ìbàdàn ni, ìje àwọn ẹṣin tí kò tíì sá eré rí. Abo kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn. Gbogbo ará ọ̀nà wa tẹ̀lé wa lọ, àwọn ìyá oní-gàrí, bàbá onítáyà, àwọn sìkiọ́rítì tí iṣẹ́ kò kàn lọ́jọ́ náà. Bàbá Àgbà bá mọ́tò tirẹ̀ wá, ó gbé tìmùtìmù dání.

Wọ́n tú àwọn ẹṣin sílẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹṣin mi fi wọ́n sílẹ̀ bí ìyàwó ilé tó rántí pé òun gbé ẹ̀wà sórí iná. Ọlọ́kadà mi dọ̀bálẹ̀ mọ́ ọrùn rẹ̀, ẹnu rẹ̀ pa dé. Nígbà tí wọ́n máa fi yí kọ́nà tó kẹ́yìn, ìdí rẹ̀ nìkan ni àwọn akọ ń wò. Mo ti ń pariwo, mo ti ń fò sókè. Àwọn èèyàn wa sì wà níbẹ̀ gan-an, lẹ́bàá okùn tí wọ́n fi yí pápá ká, ayọ̀ kún inú wọn, gbogbo wọn na ọwọ́ sókè lẹ́ẹ̀kan náà bí wọ́n ṣe ń ṣe láràárọ̀:

"Ẹ ǹ lẹ́ ooo! Ẹ kú iṣẹ́ ooo!"

Ẹṣin mi gbọ́. Ó dín eré kù. Ó rìn. Ó dúró. Ó yí ọrùn sí wọn, ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wá ẹni tí ìrèké wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọlọ́kadà mi ń fi gìgísẹ̀ gbá a níhà bí ẹni tí ọkadà kú mọ́ lójú títì.

"Mọ́mì!" ó ké. "Kò fẹ́ sítáàtì!"

Àwọn akọ kọjá lára rẹ̀ tán pátá. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá oní-gàrí, tí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kò tíì yé, ṣì ń kí i lọ ní tirẹ̀: "Ẹ kú ewu ọ̀nà o. Ilé ńkọ́?"

Bàbá Àgbà rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi bọ́. "Ẹ wá wo ẹṣin tó ti Ọ̀tà wá kí wa ní pápá! Ìyá Onífíìdì, o kú ọmọ títọ́ o!"

Mo mú ẹṣin mi wálé. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí Bàbá Àgbà fi mú ọkùnrin kan wá sí ilẹ̀ náà, ẹni tó ń fi ẹṣin gbé ọmọdé kiri etí òkun láti ya fọ́tò. Ọkùnrin náà kò tíì kí mi tó ti fi ọwọ́ la ẹnu ẹṣin mi, ó ń wo eyín.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ti ẹnu rẹ̀," mo wí. "Kò ní ọ̀rọ̀ kankan í bá yín sọ."

"Má ṣe agídí," Bàbá Àgbà wí. "Ẹṣin tó mọ ìkíni, etí òkun ló yẹ ẹ́. Wọ́n á máa kí i níbẹ̀ lójoojúmọ́. O ti rí ibi tí ẹṣin gbé ọ ṣánlẹ̀ sí, kí lo tún ń wá?"

"Bí ẹṣin bá dáni, ṣe là ń tún un gùn. Òwe gidi nìyẹn, Bàbá. Ẹ ò ní í bá a lórí àjà." Mo yíjú sí àlejò rẹ̀. "Ẹ kú àbọ̀, sà. Ẹ sì máa lọ."

Wọ́n lọ. Àmọ́ Bàbá Àgbà kò gbàgbé ọdún tí ń yí, èmi náà kò sì gbàgbé. Ìje kan ṣì kù níwájú wa.

Kò sí ohun méjì tí mo lè ṣe. A gbọ́dọ̀ máa kọjá láìkí èèyàn. Láàárọ̀ ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀, àwọn sìkiọ́rítì na ọwọ́, "Ẹ ǹ lẹ́ o!", èmi àti ọlọ́kadà mi tẹjú mọ́ iwájú bí ẹni tó jẹ gbèsè. Ẹṣin dúró, a tì í, a fà á, a kọjá. Bó ṣe rí níwájú àwọn oní-gàrí náà nìyẹn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti dé Jojú ṣáájú mi: Ìyá Onífíìdì ti rówó, kì í kí èèyàn mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ náà, oníbàárà mi kan dijú kọjá lára ṣọ́ọ̀bù mi, ó lọ ra oúnjẹ adìyẹ níwájú. Ó dùn mí dé egungun. Kò sí èébú tí wọ́n lè bú mi tó máa tó kí wọ́n ní mi ò lẹ́kọ̀ọ́. Mo rò ó pé kí n jáwọ́. Mo wá rántí ẹnu Bàbá Àgbà nígbà tí fìlà rẹ̀ bọ́, ara mi sì le padà.

Mo lọ bá àwọn ìyá oní-gàrí lọ́sàn-án, láìsí ẹṣin, mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé. "Ẹ̀yin ìyá mi, èmi kọ́, ẹṣin ni. Ìkíni yín ló ń dá a dúró. Bí kò bá gba ipò, wọ́n á gba ilẹ̀ bàbá mi lọ́wọ́ mi, wọ́n á fi ṣe ibùsùn tírélà."

Èyí tó dàgbà jù nínú wọn gbé ìgbákọ gàrí sílẹ̀. "Ta ni yóò gbà á?"

"Bàbá Àgbà."

"Nítorí pé o jẹ́ obìnrin?"

"Nítorí pé ẹṣin jẹ́ obìnrin, ni wọ́n ń wí."

Wọ́n wo ara wọn. Gbogbo wọn ló ní ilẹ̀ kan níbì kan tí ẹ̀gbọ́n kan tàbí àbúrò kan ti tà mọ́ wọn lórí. "Ìyá Onífíìdì," èyí àgbà wí, "mú ẹṣin yẹn wá lọ́la. A ó kí i. A ó kí i títí ìkíni á fi sú u."

Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n á tò sẹ́bàá ọ̀nà, ọwọ́ gbogbo wọn lókè: "Ẹ ǹ lẹ́ ooo! Ẹ kú iṣẹ́ ooo!" Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ mú oúnjẹ lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìgbà tí ẹṣin bá ti sá kọjá gbogbo wọn, tó dé ìdí ògiri ilé iṣẹ́ tó wà lókè, ibẹ̀ ni èmi á ti dúró pẹ̀lú ìrèké. Bó bá dúró lọ́nà, kò rí nǹkan kan àfi ariwo. Ọlọ́kadà mi kò gbọ́dọ̀ dáhùn, ìyẹn ló sì pa á lára jù, ọmọ Ìlọrin, ọmọ àwọn tó mọ èèyàn kí. Àwọn ìyá náà wá mọ ibi tó ń dùn ún, wọn ò sì yé ta á síbẹ̀.

"Ẹ wò ó o! A kí i, kò dáhùn!"

"Ta ló bí i? Ọmọ tí ò níyàá!"

"Ọlọ́kadà, ìyàwó ẹ ti bí ìbejì o! O ò ní í dá wa lóhùn?"

Ara rẹ̀ kò gbà á lọ́jọ́ kan. Ó rọra sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀, "Ẹ kú àárọ̀, mà," lásán. Ẹṣin gbọ́, ó dúró gbọnrangandan, ọkùnrin náà gba orí ọrùn rẹ̀ kọjá lọ bọ́ sínú agbada gàrí tí iná rẹ̀ ti kú. Ó jókòó síbẹ̀, funfun láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ìkíni rẹ dé," ìyá àgbà wí. "A gbà á o."

Kò dáhùn mọ́ láti ọjọ́ náà. Ẹṣin náà kò sì dúró mọ́. Nígbà tó fi di pé òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, wọ́n lè kí i kí ọ̀fun wọn ya, etí rẹ̀ kan á ṣẹ́ sí wọn, òun á máa lọ.

Ìje kejì, pápá kan náà ni. Bàbá Àgbà wọ agbádá funfun, ó sì gbé àga rẹ̀ sún mọ́ okùn níbi kọ́nà tó kẹ́yìn, níbi tí ẹṣin ti dúró nígbà àkọ́kọ́. Mi ò mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó.

Akọ dúdú kan bá wa díje dáadáa lọ́jọ́ náà. Òun àti ẹṣin mi ni wọ́n jọ wọ kọ́nà, ọrùn sí ọrùn. Àwọn ìyá oní-gàrí pa ẹnu mọ́, wọ́n di ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni wà níwájú olùkọ́. Bàbá Àgbà nìkan ló dìde. Ó gbé ọwọ́ sókè tòun ti apá agbádá, ó fi gbogbo ohùn rẹ̀ kígbe:

"Ẹ ǹ lẹ́ o, ẹṣin ọmọ wa! Ẹ kú eré o!"

Etí ẹṣin mi ṣẹ́. Ó gba iwájú olórí ẹbí wa kọjá bí ẹni tí kò rí i rí láyé, ó fi pátákò da iyẹ̀pẹ̀ sí i lára agbádá, ó lọ. Àwọn ìyá tó wà lẹ́yìn mi tú ariwo tí wọ́n ti ń pa mọ́ra láti àárọ̀.

Ó ṣe ipò kejì. Akọ dúdú yẹn fi imú ṣáájú rẹ̀, imú lásán. Kò sí akọ mìíràn tó sún mọ́ wọn. Ọlọ́kadà mi sọ̀ kalẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kí gbogbo ẹni tó rí, gbogbo ìkíni tó ti gbé mì láti oṣù wọ̀nyẹn.

Bàbá Àgbà ń gbọn iyẹ̀pẹ̀ lára. "Ẹṣin yìí kò kí mi," ó wí.

"Kò kí yín, Bàbá."

"Ipò kejì ni. Kìíní ni mo ní."

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e ló pe ẹbí jọ sí pálọ̀ rẹ̀. Àwọn ọkùnrin wà lórí àga, àwa obìnrin wà lórí ẹní. Ó rántí wa létí ohun tó sọ, ó ní òun kì í yí ọ̀rọ̀ padà, ó wá bi mí pé ọjọ́ wo ni mo máa mú ẹṣin mi kúrò kí àwọn onítírélà lè wá.

Mo dìde dúró láti sọ ọ́, torí mo fẹ́ kí ó dé etí àwọn tó wà ní ìta.

"Bàbá, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ìpín tiyín, ẹ ti tà á, mi ò sì bi yín. Ìpín bàbá mi ló kù. Ẹ sọ pé kí ẹṣin fi gbogbo akọ sẹ́yìn, ó fi wọ́n sẹ́yìn, ó ku imú kan. Bó bá sì jẹ́ pé òun ló fi imú ṣáájú, ẹ̀ bá ní etí lẹ sọ. Bàbá mi ò bí akọ. Èmi ló bí. Kò sọ fún mi rí pé òun ṣì ń retí ẹlòmíràn. Ẹṣin ò lọ ibì kankan, èmi náà ò lọ. Bí àwọn onítírélà bá dé, èmi ni wọ́n máa bá ní géètì."

Bàbá Àgbà gbójú sókè, ó ń wo àjà. Gbogbo ilé gbójú sókè pẹ̀lú rẹ̀. A wo àjà títí. Kò rí nǹkan kan níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

"Òótọ́ lọ́rọ̀ ọmọ yìí," ìyàwó rẹ̀ wí látorí ẹní, jẹ́jẹ́.

"Mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí ẹ tó gbọ́ ọ lójú títì," mo fi kún un. "Ọkùnrin tó ń ra èèrí lọ́dọ̀ mi ti tún wá. Wọ́n ti bí òmíràn lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, wọ́n sì ti já a lẹ́nu ọmú. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo máa lọ gbé e."

Ohùn Bàbá Àgbà lọ sílẹ̀. "Akọ?"

Mo mú báàgì mi, mo kí gbogbo ilé lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe yẹ, mo jáde.

Ó ti ń lọ sí ọdún kan báyìí. Lóṣù tó kọjá, mo bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan lórí ilẹ̀ náà pẹ̀lú téèpù ìwọnlẹ̀ àti èèkàn onírin mélòó kan. Ẹṣin àgbà ń wò ó láti òkèèrè. Ẹṣin kékeré ti gbé fìlà rẹ̀, ó ń jẹ ẹ́. Mo bi í pé ta ló rán an. Ó ní bàbá kan ní Sàngó ni, bàbá náà ní ilẹ̀ náà ṣófo, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Mo bá a gba ohun tó kù nínú fìlà rẹ̀. Mo ní kó padà lọ sọ fún bàbá náà pé àwa wà níbẹ̀. Abo ni wá, mẹ́ta ni wá, kò sì tíì sú wa.